Fíìmù Inú Ẹnu Ọ̀pọ̀lọ́

Amparo Quiroga gba ohùn Otilia Barragán lọ́wọ́ ẹni tó ń gé fíìmù, ó sì gbé e lọ fún obìnrin kan ní ọjà Sonora kí ó bá òun dè é.

Kì í ṣe ohun tó ṣòro. Lára fíìmù, ohùn máa ń wà létí àwòrán, bí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí ṣágiṣàgi. Rutilio, tó ń gé fíìmù ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe *Opó Adágún Iyọ̀*, bi Amparo pé apá wo ni ó fẹ́ nínú èyí tí àwọn fẹ́ dà nù. Ó ní òun fẹ́ ibi ìsìnkú. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ń sọ. Otilia jókòó ti òkú ọkọ rẹ̀ lórí iyọ̀, kò sunkún, ó kàn sọ fún un pé: "Dìde, Jacinto. Oúnjẹ ti ń tutù." Àwọn ọkùnrin tó ti jagun rí ń nu ojú jáde nílé sinimá.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Rutilio bi í.

"Kí n máa rí i ni. Ṣé comadre mi kọ́ ni, ìyá ìsàmì ọmọ mi?"

Obìnrin ọjà náà ń jẹ́ Doña Crescencia. Ó ń ta ewé àti gbòǹgbò níwájú. Ohun tó ń ṣe lẹ́yìn àwọn àpò ewé kò ní orúkọ. Ó gbé fíìmù náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wo ìlà funfun náà, kò wo àwòrán.

"Irun rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé irun ò wúlò."

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o fetí sí mi ni. Ohùn lo fẹ́ mú, ohùn lèèyàn fi ń mú ohùn. Ṣé ohùn rẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo Mexico ló mọ̀ ọ́n."

"Mi ò bi Mexico. Ìwọ ni mo bi."

"Ohùn rẹ̀ ni."

"Búra."

Amparo fi ẹnu ko àgbélébùú ọrùn rẹ̀, ó sì búra.

Doña Crescencia ká fíìmù náà, ó kì í bọ ọ̀pọ̀lọ́ kan lẹ́nu. Ọ̀pọ̀lọ́ náà wà láàyè. Ó fi òwú dúdú rán ẹnu rẹ̀ pa, ó gbé e sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, ó sì bò ó.

"Fi pamọ́ sílé ara rẹ. Bu erùpẹ̀ itẹ́ òkú yìí sẹ́nu ọ̀nà obìnrin yẹn. Bí ọ̀pọ̀lọ́ yìí bá ṣe ń gbẹ ni ọ̀fun á máa gbẹ."

"Ọ̀fun Otilia."

"Ọ̀fun ẹni tó ni ohùn," ni Doña Crescencia wí, ó sì lọ dá oníbàárà ewé lóhùn.

*

Lẹ́yìn ogun ni wọ́n dá ẹ̀bùn Lékeléke Fàdákà sílẹ̀, ère ẹyẹ tí wọ́n ń fún àwọn tó bá ta yọ nínú fíìmù. Ní ọdún àkọ́kọ́, olùdarí fíìmù méjì jà sí i lórí pèpéle títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi ṣẹ́. Wọ́n jó o pọ̀. Èyí tó ṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń wò rọ ìyókù, nítorí náà gbogbo Lékeléke ni ó ní àpá lẹ́sẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjà kúrò lórí pèpéle. A mọ onídàájọ́ tó fẹ́ràn ẹran ewúrẹ́, a sì mọ èyí tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń dìbò fún un. Òṣèré kan bá eérú nínú àtíkè rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wú. Òmíràn rí irun tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú àpò aṣọ ìgbàlejò rẹ̀, kò sì wá síbi ẹ̀bùn. Láàárín àwa tí a ń ṣiṣẹ́ fíìmù ní Mexico, kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun gba oògùn gbọ́. Kò sì sí ẹni tí àpò rẹ̀ ṣófo.

Ní ọdún kan, wọ́n fún oníjó kan ní Lékeléke, lẹ́yìn náà ni ó hàn pé obìnrin mìíràn ni ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú fíìmù. Láti ìgbà náà ni òfin ti dé. Wọn a kọ́kọ́ fi ibi kan nínú fíìmù hàn. Iná a tàn. Ẹni tí wọ́n pè a sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbólóhùn tí gbogbo ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀bùn. Bí kò bá lè sọ ọ́, tàbí tí ohùn kò bá dọ́gba, ẹ̀bùn di ti ẹni tó tẹ̀lé e nínú ìbò.

Ní ọdún 1958, gbogbo wa mọ̀ pé Otilia ni yóò gbà á. A sì mọ̀ pé Amparo ni yóò tẹ̀lé e.

Inú àgọ́ eré kan náà ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Amparo ni ó kọ́ Otilia bí a ṣe ń rìn lójú èrò. Ó yá a ní bàtà. Otilia wọ bàtà náà lọ fún àyẹ̀wò tí àwọn méjèèjì jọ ń fẹ́, wọ́n sì mú un. Ó dá bàtà padà. Nígbà tí Amparo bí ọmọbìnrin, tó sọ ọ́ ní Nieves, Otilia ni ó gbé ọmọ náà dúró níbi ìsàmì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní comadre, bí ìyá ọmọ àti ìyá ìsàmì rẹ̀ ṣe ń ṣe níbí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí comadre bá comadre jà. Nítorí náà wọn kò jà rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dárúkọ Amparo fún Lékeléke tí wọ́n fi gbé e fún ẹlòmíràn. Èyí dùn ún. Nieves dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Nieves bá fẹ́ sunkún, ilé Otilia ni ó ń lọ. Ó ń rìn bíi Otilia, ó ń rẹ́rìn-ín bíi Otilia, ó sì lè sín in jẹ títí tí èèyàn yóò fi wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi *Opó Adágún Iyọ̀* hàn, Amparo dìde kí ó tó kan ibi ìsìnkú. Àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ ti ń wá áńkáṣíìfù nítorí Otilia, kò sì lè fara dà á. Ó dúró níta, ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́. Kò padà wò ó. Kò gbọ́ gbólóhùn náà nínú fíìmù rí.

*

Otilia bá erùpẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ó ń lọ sí Máàsì. Ó dúdú, ó tutù, òjò kò sì rọ̀. Òdòdó ofeefee gbígbẹ kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tí a ń tẹ́ sórí ibojì ní oṣù kọkànlá. Ó fi ìgbálẹ̀ gbá a kúrò, kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ó padà, ayékòótọ́ rẹ̀ kò kí i. Nieves, tó ń pe Otilia ní Madrina, ìyá ìsàmì, ni ó kọ́ ẹyẹ náà ní ọ̀rọ̀, ohùn Nieves ni ó sì fi ń sọ pé, "Madrina, ẹ káàbọ̀." Ní òwúrọ̀ náà, ó la ẹnu, ó pa á dé. Otilia gbé ọwọ́ lé ọ̀fun ara rẹ̀.

Nieves fúnra rẹ̀ dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, láti wá kọ́ Otilia ní gbólóhùn náà.

"Dìde, Jacinto!" ni Otilia wí. "Oúnjẹ ti ń tutù!"

"Madrina, ẹ̀ ń kígbe mọ́ ọn. Òkú lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe adití."

"Màá gbá ẹ létí."

"Ẹ má rò pé ó kú. Ẹ sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Bí mo ṣe máa ń pe Màmá nìyẹn tí wọ́n bá jókòó síwájú dígí tí wọn ò fẹ́ dìde." Nieves jókòó sílẹ̀. "Dìde, Jacinto. Oúnjẹ ti ń tutù."

Ohùn inú fíìmù ni. Afẹ́fẹ́ adágún ti ba gbogbo ohùn tí wọ́n gbà níbẹ̀ jẹ́, wọ́n sì ní láti tún un gbà nínú ilé. Eruku iyọ̀ ti wọ ọ̀fun Otilia, ohùn rẹ̀ kò sì tíì padà nígbà náà. Wọn kò lè dúró, nítorí àkókò fún Lékeléke ti ń tán lọ. Nieves wọlé, ó sọ ọ̀rọ̀ ibi ìsìnkú, ó sì jáde. Ọkùnrin tó gba ohùn náà ti padà sí Spain.

"Bí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?" Otilia bi í.

"Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Èmi ò ní sọ. Àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ?"

"Ìyá rẹ."

"Màmá? Màmá ò wo fíìmù yín délẹ̀ rí. Inú ni ó máa ń run wọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín Nieves di ikọ́.

"Irú ikọ́ wo nìyẹn?"

"Eruku ni. Ọ̀fun mi kàn gbẹ láti àárọ̀. Ó máa ti lọ kí n tó dé Puebla." Ilé rédíò Puebla ti gbà á síṣẹ́ nínú eré wọn. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi gbà á. "Ọjọ́ ẹ̀bùn gan-an ni mo máa wọkọ̀, Madrina. Mi ò ní rí yín lórí pèpéle."

Otilia kò gbọ́ ikọ́ náà mọ́. Erùpẹ̀ ni ó ń rò.

*

Catemaco, ìlú tí a mọ̀ mọ́ oògùn, ni Don Hilarión tí Otilia lọ bá ti wá. Ó ń gba èèyàn nínú yàrá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn tó ń dúró dè é kì í sì í wo ojú ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn onídàájọ́ Lékeléke jókòó ti Otilia. Wọn kò kí ara wọn.

Don Hilarión fi ẹyin adìẹ ra ara Otilia láti orí dé ẹsẹ̀, ó fọ́ ọ sínú gíláàsì omi, ó sì wò ó. Fọ́nrán funfun gòkè láti inú pupa rẹ̀, wọ́n tò bí ojú ìránṣọ.

"Ẹnì kan ti rán nǹkan pa."

"Ẹnu mi?"

"Mi ò rí ẹnu rẹ. Abẹ́rẹ́ ni mo rí."

"Ta ló rán an?"

"Mi ò mọ orúkọ. Ilé ni mo rí. Ilé tí o ní àga tìrẹ níbẹ̀."

Otilia mọ̀. Ó ti mọ̀ kí ó tó wọlé.

"Señora, mo lè ti ilẹ̀kùn, kí nǹkan náà wá, kó kànkùn títí, kó rẹ̀ ẹ́. Mo sì lè dá a padà."

"Ẹ dá a padà."

"Ní sùúrù. Ohun tí mo bá dá padà kì í béèrè orúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sùn nílé yẹn lálẹ́ ọjọ́ ẹ̀bùn ló máa gbà á."

"Òun nìkan ló máa wà níbẹ̀. Ọmọ ilé yẹn ń rìnrìn àjò."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó lè ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó rò ó. Ṣùgbọ́n ó rántí bàtà tí ó ti dá padà tipẹ́, tí Amparo kò jẹ́ kí ó gbàgbé. Ó rántí pẹ̀lú pé òun kò bímọ, àti pé ẹni tó bí Nieves kò mọ ohun tí ó bí. Don Hilarión da omi ẹyin náà sínú ìgò lọ́fínńdà kan, ó sì fà á lé e lọ́wọ́.

*

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ẹ̀bùn, Amparo se mole, ọbẹ̀ ata dúdú tí a ń se fún àlejò, ó sì pe Otilia wá jẹun.

"Comadre, ẹ wọlé. Ẹ mà ti rù o! Ṣé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun ni?"

"Iṣẹ́ ni, comadre. Àwa tí wọ́n ń pè síṣẹ́, a kì í ráyè jẹun. Ẹ̀yin lẹ sanra dáadáa."

"Ọlọ́run á máa jẹ́ kí wọ́n pè yín. Ohùn yín ńkọ́? Ó dà bíi pé ó há díẹ̀."

"Ohùn mi? Ó mọ́ ju ti àná lọ." Otilia kọ orin ìjọ díẹ̀. Amparo ń wo ọ̀fun rẹ̀ bí ó ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò rí ohun tó ń wá.

"Màmá! Madrina!" Nieves pè láti ilé ìdáná, ohùn rẹ̀ há. "Oúnjẹ ti ń tutù!"

Otilia ta gìrì. Amparo kò ṣe ohunkóhun. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi gbólóhùn yẹn pè é. Kò gbọ́ ọ mọ́.

"Puebla ńkọ́?" Otilia bi Nieves nídìí tábìlì. "Ṣé ọjọ́ yẹn náà lo máa lọ?"

"Ọjọ́ yẹn náà ni, Madrina."

"Má yẹ̀ ẹ́ o. Ohunkóhun tó bá dé, wọkọ̀."

"Ẹ wá ń lé ọmọ mi kúrò nílùú," ni Amparo wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ kí n dá gbé kí n lè máa ronú yín."

Lẹ́yìn oúnjẹ, Otilia ní òun fẹ́ fọwọ́. Ìkòkò òdòdó kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá. Ó da ìgò náà sí i. Erùpẹ̀ rẹ̀ fà á mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn ògiri, nínú àpótí aṣọ Amparo, nǹkan kan ta lẹ́ẹ̀kan nínú ìkòkò amọ̀.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹ̀bùn, ohùn Nieves kù bí ìgbà tí wọ́n ń fi èékánná họ igi. Amparo ni ó bá a pe Puebla lórí fóònù pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fún un ní oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ní kí ó tètè sùn.

Lẹ́yìn náà ni ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, tí ó ṣí ìkòkò. Awọ ọ̀pọ̀lọ́ náà ti lẹ̀ mọ́ egungun. Inú Amparo dùn. Ó ń kọrin bí ó ti ń wọ aṣọ, Nieves sì ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri.

"Ẹ bá mi kí Madrina," Nieves sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń jáde lọ.

"Màá kí wọn dáadáa."

*

Wọ́n pe Otilia. Gbogbo ilé dìde fún un, Amparo náà dìde. Ó ń pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ sì wà lára ẹnu Otilia.

Iná kú. Wọ́n fi ibi ìsìnkú hàn. Iyọ̀ funfun bo ojú aṣọ sinimá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Opó náà jókòó.

"Dìde, Jacinto. Oúnjẹ ti ń tutù."

Ọwọ́ Amparo dúró. Kì í ṣe pé ó jọ ohùn Nieves. Òun ni. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná ara rẹ̀, nígbà tí ó bá jókòó síwájú dígí. Ó rí ìlà funfun náà, ó rí i bí wọ́n ti ń ká a, tí wọ́n ń kì í bọ inú ẹnu. Ó rántí pé òun búra.

Iná tàn. Otilia mí kanlẹ̀, ó sọ gbólóhùn náà. Ohùn rẹ̀ jáde, ó ki, ó mọ́, kò sì jọ ti inú fíìmù rárá.

Àwọn onídàájọ́ wo ara wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, señora," ni olórí àwọn onídàájọ́ wí, "ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ.

"Ta ló wà nínú fíìmù nígbà náà?" ẹnì kan kígbe láti òkè. "Ẹ̀gbọ́n yín ni àbí àbúrò yín?" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Olórí onídàájọ́ fa Lékeléke sẹ́yìn. Ó pe Amparo Quiroga. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Àga Amparo ti ṣófo.

*

Nieves jókòó lórí ibùsùn nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé. Ó ti sùn, ó sì ti jí. Ó la ẹnu rẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀, ohunkóhun kò jáde. Ikọ́ pàápàá kò ní ohùn mọ́.

Amparo gbé ìkòkò jáde, ó sì fi abẹ gé òwú dúdú náà. Ó fa fíìmù yọ. Ojú Otilia ṣì wà nínú àwòrán. Etí fíìmù náà dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà funfun kò sí níbẹ̀ mọ́.

Otilia dé nínú aṣọ ẹ̀bùn. Ó rí Nieves, ó sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ó yẹ kó ti wà ní Puebla."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ó yẹ kó ti lọ! O ní ó ń lọ!"

"Otilia, kí lo ṣe nínú ilé mi?"

"Kí ni ìwọ mú lọ́wọ́ yẹn, Amparo?"

Láti ìgbà ìsàmì, wọn kò tíì pe ara wọn lórúkọ. Nieves ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. Ó wo ọ̀pọ̀lọ́ tó wà lórí ilẹ̀. Otilia sọ ti ìgò. Amparo sọ ti ìkòkò. Nieves ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Doña Crescencia ní òun bi Amparo, ó sì búra. Don Hilarión ní òun ti kìlọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òun lè tú tòun, bí kì í bá ṣe pé ti èkejì ni ó wà lórí rẹ̀. Ilé rédíò Puebla mú ẹlòmíràn. Wọn kò pe Otilia sí fíìmù mọ́, ayékòótọ́ rẹ̀ kò sì sọ̀rọ̀ títí tí ó fi kú. Àwọn onídàájọ́ fi Lékeléke ránṣẹ́ sílé Amparo. Ó wà lórí pẹpẹ ní ilé ìdáná, pẹ̀lú àpá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nieves ṣì ń gbé níbẹ̀, ó ń se oúnjẹ. Bí ó bá ti bù ú tán, yóò fi ṣíbí lu etí àwo, yóò sì jókòó. Bí ó ṣe ń pe ìyá rẹ̀ nìyẹn.